Ìwé Wo Ló Yẹ Kí Aboyún Kà? Ìfiwéra Oríṣiríṣi Ìwé Oyún

Ìwé oyún tó wà níta pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà tán kó tó bímọ lọ, oyún fúnra rẹ̀ kì í sì í fúnni láyè ìwé kíkà tó bí èèyàn ṣe rò. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èébì àti oorun ló ń gba ọjọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Bó bá ku díẹ̀ kí ọmọ dé, ẹ̀yìn ríro àti títọ̀ lóru ni kì í jẹ́ kí ojú dúró lórí ìwé. Ìwé tó wúlò fún ẹni tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ ló sì máa wúlò fún ẹni tó ku ọ̀sẹ̀ 3 kó kúnlẹ̀.

Lójú tiwa, ìwé mẹ́ta ti tó: ọ̀kan tí ẹ ó máa ṣí nígbàkúùgbà tí nǹkan bá ṣe yín lára, ọ̀kan lórí ìrọbí àti ìbímọ, àti pẹlẹbẹ kan lórí fífún ọmọ lọ́mú àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ. Gbogbo ìyókù, ènì ni. Bí agbára bá ká ìwé kan ṣoṣo, ti àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ mú.

Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Kí ẹ tó fi ìwé kan wé èkejì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tilẹ̀ tó gbé wálé. Ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé ni kí ẹ ṣí, níbi tí ọdún ìtẹ̀jáde wà. Títún ìwé tẹ̀ yàtọ̀ sí títún un ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ ní 1995, tí wọ́n sì tún tẹ̀ ní 2021 láìyí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, ìwé 1995 náà ni. Èèpo rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tuntun. Ohun tí ẹ ń wá ni "ẹ̀dà kẹta" tàbí "ẹ̀dà karùn-ún", pẹ̀lú ọdún tirẹ̀. Bí ìwé bá ń sọ̀rọ̀ oògùn, àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó má ju nǹkan bí ọdún 5 lọ. Ẹ wo abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV (kòkòrò àrùn tó ń ba èémí ọmọ jẹ́) tí wọ́n ń gún fún aboyún kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun lè ní ààbò: ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Ìwé tó ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn kò lè mọ̀ nípa rẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n tó. Ìwé tó dá lórí mímí, ìnara àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ọjọ́ orí kò fi bẹ́ẹ̀ pa lára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí atọ́ka ọ̀rọ̀ tó wà ní ìparí ìwé. Ẹ wá "ẹ̀jẹ̀ dídà", "orí fífọ́", "ara yíyún", "ọmọ kò yí". Ìwé tí kò ní atọ́ka lè dùn kà, àmọ́ kò lè jẹ́ ìwé tí ẹ ó sáré ṣí ní aago méjì òru.

Ó wá ku kí ẹ bi ìwé náà ní ìbéèrè bíi mélòó kan tí ẹ ti mọ ìdáhùn wọn.

Folic acid, fítámì tí aboyún ń lò, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó péye á sọ iye rẹ̀: 400 microgram lójúmọ́, láti ìgbà tí èèyàn ti ń retí oyún títí di ìparí ọ̀sẹ̀ 12. Á tún sọ pé àwọn kan nílò ìwọ̀n tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún wọn: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo oògùn wárápá, ẹni tó ti lóyún ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé rí. Ìdí tí ìgbà fi ṣe pàtàkì ni pé ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń hù a máa padé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìwé tó kàn ní kí ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, tó sì kọjá lọ, ti kùnà níbí.

Ẹ wo ohun tó sọ nípa ìgbà tí ìrọbí gidi bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí a máa ka ìrọbí sí èyí tó ti múná, pé kí a má sì fi dandan lé e pé kó máa ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń sọ 3 tàbí 4, wọ́n sì máa ń fi sẹ̀ǹtímítà kan wákàtí kan ṣe òfin. Ẹni tó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó wà ní 4 fún wákàtí mẹ́ta, á ti máa rò pé ara òun ti já òun kulẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìrọbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbára jọ ni.

Ti ọmọ yíyí, ìyẹn bí ọmọ ṣe ń ta nínú ikùn, ló le jù. Bí ìwé bá sọ pé ọmọ a máa dákẹ́ bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ti sún mọ́lé, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Irú yíyí náà lè yí padà nítorí pé àyè ti há, àmọ́ ọmọ kì í dín yíyí kù torí pé ìbímọ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìmọ̀ràn tó tọ́ ni pé bí ẹ bá ti rí i pé ó dín kù sí bó ṣe máa ń ṣe, kí ẹ kàn sí agbẹ̀bí tàbí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Nípa oorun aboyún, ìwé tó bágbà mu á ní láti ọ̀sẹ̀ 28 kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Òsì dára, ọ̀tún náà dára. Bí ẹ bá jí bá ara yín ní ẹ̀yìn, kí ẹ kàn yí padà ni. Ìwé tó ń dẹ́rù bani pé òsì nìkan ni ẹ̀gbẹ́ tó wà kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Nípa oorun ọmọ, ẹ̀yìn ni kó ti máa sùn, lórí ibùsùn tó le tó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí, láìsí bèbí ìṣeré tàbí aṣọ èyíkéyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Kí àwọn ọdún 1990 tó dé, ọ̀pọ̀ ìwé ló ń ní kí wọ́n dojú ọmọ dé bùsùn. Ìwé ìyá àgbà tí ẹ bá nínú àpótí, ibí ni ó ti máa ń ṣubú.

Nípa ọtí, ìwé tó péye á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: kò sí ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni mọ̀ tí kò lè pa ọmọ inú lára.

Bí ìwé bá kùnà ní ibi kan nínú àwọn yòókù, ẹ lè fi ojú fò ó bí ìyókù rẹ̀ bá dára. Bó bá kùnà lórí ọmọ yíyí tàbí lórí bí ọmọ ṣe ń sùn, ẹ má rà á, torí pé ẹ̀mí ló wà lórí méjèèjì.

Ìwé ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀ àti ìwé oní-kókó

Èyí ni yíyàn tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù, torí pé méjèèjì nípọn, méjèèjì sì ń pe ara wọn ní atọ́nà kíkún.

Ìwé ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀ ń bá oyún rìn. Ẹ ṣí ọ̀sẹ̀ yín, ẹ rí bí ọmọ ṣe tó, ohun tó ń hù lára rẹ̀, ohun tí ara yín lè máa ṣe, àti àyẹ̀wò tó kàn. Ó dùn kà, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò lókun: ojú ìwé mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ilé ìwòsàn ń kà láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí oyún tó dúró. Àwọn ìwé kan tó dá lórí bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ń kà láti ọjọ́ tí oyún dúró gan-an. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 6 inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 8 lórí káàdì yín. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni kí ẹ ṣí orí tó kẹ́yìn: bó bá parí sí ọ̀sẹ̀ 40, ìkà ilé ìwòsàn ló ń tẹ̀ lé, bó bá parí sí 38, ẹ máa fi 2 kún gbogbo ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè máa sunkún pé ọmọ òun kéré.

Ìdàrúdàpọ̀ kékeré mìíràn tún wà. Oyún tó ti pé ọ̀sẹ̀ 11 àti ọjọ́ 3 ti wà nínú ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ìwé kan á pè é ní 11, òmíràn á pè é ní 12, méjèèjì ò sì parọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ti sọ èyí tí wọ́n ń lò. Bí àwòrán inú tí wọ́n yà ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún bá sì ti yí ọjọ́ ìbímọ padà, ọjọ́ tuntun yẹn ni kí ẹ fi máa ka ìwé, kì í ṣe ìṣirò tí ẹ ṣe nílé. Ìwé tó pín oyún sí oṣù dípò ọ̀sẹ̀ la kì í fẹ́ rárá, torí pé bí kálukú ṣe ń pín in yàtọ̀.

Àléébù ńlá tí ìwé ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀ ní ni pé ibi tí ìṣòro ti wọ́pọ̀ ló ń fi ìṣòro sí. Ẹ̀jẹ̀ dídà wà ní ọ̀sẹ̀ 7. Bí ti yín bá dà ní ọ̀sẹ̀ 24, orí ọ̀sẹ̀ 24 ń sọ̀rọ̀ bí ikùn ṣe ń yún. Òmíràn ni pé ìpíndọ́gba ló ń sọ, àwa òǹkàwé la sì ń sọ ọ́ di ọjọ́ àdéhùn. Ó lè kọ sí ọ̀sẹ̀ 18 pé ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ọlẹ̀ sọ. Ní tòótọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24 ni. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ fún ẹni tó ń gbé oyún àkọ́kọ́, ibi ọmọ tó bá sì so mọ́ iwájú ilé ọmọ a máa bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé tó dára á kọ àlàfo náà síbẹ̀. Èyí tó kọ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ń tọ́jú àníyàn sílẹ̀ de yín.

Ìwé oní-kókó pín ọ̀rọ̀ sí orí: àyẹ̀wò, oúnjẹ, oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbejì, ìrọbí, iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí. Kò dùn kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó yá sí ni wíwá nǹkan. Ẹ fi ìbéèrè yìí dán àwọn méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wo aago: "Oyún mi ti ọ̀sẹ̀ 31, orí ń fọ́ mi gidigidi, ojú mi ń ṣe bàìbàì." Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí ìwé ti mú yín dé ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ pre-eclampsia, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20. Ó yẹ kó dárúkọ ìwọ̀n 140/90, kó so orí fífọ́ mọ́ ojú wíwú òjijì àti ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà, kó sì sọ ọ́ gbangba pé ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ báyìí. Bí ìwé bá kàn ní kí ẹ mu omi, kí ẹ dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu.

Ẹ yá ìwé ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ní ilé ìkàwé, ẹ kà á gbádùn títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, torí pé lẹ́yìn ibẹ̀ ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí tún ara rẹ̀ sọ. Èyí tí ẹ ó fi owó rà, tí ẹ ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ni ìwé oní-kókó.

Ta ló kọ ọ́?

Ìwé tí ẹgbẹ́ dókítà tàbí ilé ìwòsàn ńlá ṣe kì í sábà ṣìnà lórí ìwọ̀n oògùn àti àmì ewu. Àìdára rẹ̀ ni pé ó máa ń sọ "ẹ bi dókítà yín" ní gbogbo ojú ìwé, kì í sì í sọ ìdí. Ìwé agbẹ̀bí ló mọ ìrọbí jù: bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń kúnlẹ̀, ohun tí ẹni tó bá tẹ̀ lé yín lè ṣe pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan nínú wọn máa ń fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ abẹ.

Irú kẹta ni èyí tí onímọ̀ ìṣirò tàbí akọ̀ròyìn kọ, tó ń tú ìwádìí palẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí gbogbo nǹkan, bí òǹkọ̀wé bá ń kọ iye gidi sílẹ̀. "Ó sọ ewu di ìlọ́po méjì" kò túmọ̀ sí nǹkan kan bí wọn ò bá sọ láti iye wo. Láti 1 nínú 1,000 sí 2 nínú 1,000 jẹ́ ìlọ́po méjì, láti 1 nínú 10 sí 2 nínú 10 náà sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ ṣí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ bíbí lójú ara lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan: èyí tó péye á sọ pé nǹkan bí mẹ́ta nínú obìnrin mẹ́rin tó gbìyànjú ló ń ṣe é yọrí, á sì sọ lójú ewé kan náà pé ojú àpá inú ilé ọmọ máa ń ya fún nǹkan bí 1 nínú 200. Ìwé tó sọ ọ̀kan tó sì gbé èkejì mì ti yan ìhà kan fún yín.

Ìwé ìtàn ìyá kan nípa oyún tirẹ̀ jẹ́ ẹlẹgbẹ́ tó dára lálẹ́ tí oorun bá dá lójú. Ẹ má fi tirẹ̀ ṣe òdiwọ̀n ti yín. Bí òǹkọ̀wé èyíkéyìí bá sì ń tọ́ka yín sí oògùn amáradán tó fúnra rẹ̀ ń tà, ẹ ti rí ìdí tó fi kọ ìwé náà.

Ìwé tí a sábà máa ń gbójú fò ni pẹlẹbẹ ọ̀fẹ́ tí ilé ìwòsàn ń fún aboyún níbi ìforúkọsílẹ̀. Èyíinì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ìlànà ibi tí ẹ ó bímọ sí ni ó ń sọ, ìwé míì tó bá sì yàtọ̀ sí i ti fún yín ní ìbéèrè tí ẹ ó bi agbẹ̀bí nìyẹn.

Ìwé ìrọbí: èyí tó ní ìlànà kan àti èyí tó ní ọ̀nà púpọ̀

Ìwé onílànà kan máa ń gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló dára láti la ìrọbí kọjá. Ìran wọn ti pẹ́. Dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Grantly Dick-Read, ló ń kọ́ni pé ẹ̀rù ń mú ara le, ara líle sì ń mú ìrora wá. Ní àwọn ọdún 1950, Fernand Lamaze ní Faransé sọ mímí oníṣirò di olókìkí. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn lónìí ti rọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ èrò àtilẹ̀wá náà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i kì í le gbagidi, mímí síta tó gùn sì ń ran iṣan lọ́wọ́ láti dẹ̀.

Àǹfààní ìwé onílànà kan ni pé ó ní ìdánrawò gidi, tí ẹ lè máa ṣe fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lálaalẹ́. Ewu rẹ̀ ni ìlérí. Bí ìwé bá ṣèlérí ìbímọ tí kò ní rora rárá, ẹ wo ohun tó sọ fún ẹni tó wá rora. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé kò dánra wò tó, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ìyá tó bí ọmọ láyọ̀, tó sì gba epidural, abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn, máa sọ̀rọ̀ bíi ẹni tó fìdí rẹmi.

Ìwé ọlọ́nà púpọ̀ ń to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ́ra, gáàsì tí wọ́n ń fà símú, abẹ́rẹ́ epidural, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Epidural, bí àpẹẹrẹ, ló ń pa ìrora jù nínú wọn, àmọ́ ó lè fa ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó lè mú kí ẹsẹ̀ wúwo, ó sì lè mú àkókò títì gùn sí i. Ìwé tó bá sọ àwọn méjèèjì láìbínú sí ẹnikẹ́ni ni ẹ ń wá.

Ẹ fi ojú wọn orí iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ ojú ìwé méjì péré tó fi sínú "bí nǹkan bá yíwọ́", kò tó. Kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, ẹni tí wọ́n á jẹ́ kó wọlé, ìgbà tí ẹ lè gbé ọmọ mọ́ àyà, bí a ṣe ń dìde lórí ibùsùn lọ́jọ́ kejì láìfa ojú ọgbẹ́. Kó tún ní orí lórí fífi oògùn mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀, torí pé ó lè gba ju ọjọ́ kan lọ, ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ á sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 28 sí 34 ni kí ẹ kà á. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Bó bá pẹ́, àwọn ohun kan á ti ré yín kọjá: fífi òróró wọ́ ojú ara láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 kó má baà ya púpọ̀, tàbí ìpinnu nípa ọmọ tó fi ìdí sílẹ̀, èyí tí dókítà lè gbìyànjú láti yí láti òde ikùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37.

Ìwé oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ kò nílò rẹ̀. Orí kan nínú ìwé oní-kókó ti tó láti mọ ohun tí a ń yẹra fún, ìwọ̀n kaféènì (kó má ju 200 mílígíráàmù lọ lójúmọ́), àti ìdí tí fítámì A tó pọ̀ jù, pàápàá èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹran àti nínú àwọn oògùn amáradán kan, fi lè ṣe ọmọ léṣe. Ẹni tí ìwé oúnjẹ odidi tọ́ sí ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún, ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá, àti ẹni tí èébì kò jẹ́ kó jẹun. Èyí tó bá ń ṣèlérí ọmọ ọlọ́pọlọ pípé tàbí tó ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fọn nínú oyún, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé ọmú àti ọmọ tuntun

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni kí a fi ìwé ọmú pamọ́ di ẹ̀yìn ìbímọ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìṣòro máa ń dé, lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn náà kò sẹ́ni tó lè ka ojú ìwé kan tán. Ọ̀sẹ̀ 32 sí 36 ni àkókò rẹ̀.

Àwòrán ló fi ń dára ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wá àwòrán tó fi hàn láti ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ ṣe ń gba ọmú sẹ́nu: ẹnu tó là gbàgàdà, àgbọ̀n tó kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ tó yí síta, àti púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká tó ti wọlé, pàápàá lápá ìsàlẹ̀. Ìwé tó fi àwòrán ìyá tó ń rẹ́rìn-ín nìkan kún ojú ewé kò kọ́ yín ní nǹkan kan. Orí ọmú tó ń ya máa ń wá láti inú pé orí rẹ̀ nìkan ni ọmọ gbé sẹ́nu, ìwé sì gbọ́dọ̀ sọ bí ẹ ó ṣe fi ìka kékeré tú ẹnu ọmọ kúrò kí ẹ tó tún un gbé.

Kó sọ iye pẹ̀lú: ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, ó kéré tán ìlédìí 6 tó tutù lójúmọ́ láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ tó ń yí láti dúdú sí àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ a máa fọn díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì máa padà sí ìwọ̀n ìbí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ìwé tó ní kí ẹ máa fún un ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin bí aago ti wí, tàbí pé kí ẹ máa fi omi kún un kó tó pé oṣù 6, ti gbó.

Ìwé ìtọ́jú ọmọ tó gbòòrò, tó ń dé ọdún kan tàbí méjì, lè dúró. Ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń wá nígbà náà.

Bí ọkàn bá wúwo

Ẹni tí oyún ti wálẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ rí, tó tún wá lóyún, kì í sábà lè fara da ìwé tó ń yọ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ìwé pàtó wà fún oyún lẹ́yìn àdánù, ó sì sàn kí a fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí àníyàn ń dà láàmú, ìwé tó ní ìdánrawò kíkọ sílẹ̀ sàn ju èyí tó ń ka gbogbo àìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Kí ẹlòmíì bá yín mú ìwé oní-kókó lọ́wọ́, kó máa wá ohun tí ẹ nílò fún yín. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ tàbí ẹ̀rù bá ti wà lọ́kàn ní gbogbo ìgbà fún ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí èrò pípa ara ẹni lára bá wá, dókítà tàbí agbẹ̀bí ni, ìwé kọ́. Ìwé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ fún bàbá ọmọ sábà máa ń jẹ́ àwàdà púpọ̀, ìmọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka orí ìrọbí nínú ti yín, pẹ̀lú ibi tí wọ́n to àmì ewu sí.

Ìwé bébà, ti orí fóònù, àti ti etí

Bébà ló yá fún ìwé oní-kókó, torí pé ẹ lè fi ìwé pélébé sí ojú ewé àmì ewu, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé sì ṣí i. Ti orí fóònù dára fún wíwá ọ̀rọ̀ àti kíkà nínú òkùnkùn, àmọ́ àwòrán ọmú a máa kéré jù níbẹ̀. Ti etí dára fún ìwé ìtàn àti ìdánrawò mímí. Kò yẹ fún ìwé tí ẹ fẹ́ máa wá nǹkan nínú rẹ̀. Áàpù oyún wúlò fún kíka ọ̀sẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àti ohun tó ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlera tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀.

Kí ni kí kálukú mú?

Oyún àkọ́kọ́, tí ẹ ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀: ìwé oní-kókó nísinsìnyí, ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀ ní yíyá, ìwé ìrọbí ní ọ̀sẹ̀ 28. Ẹni tó ti bímọ rí lè fo ìwé ọ̀sẹ̀-dé-ọ̀sẹ̀, kó ra ẹ̀dà tuntun ìwé oní-kókó bí ti àtijọ́ bá ti ju ọdún 5 lọ. Ẹni tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ nílò ìwé ìrọbí tó fún bíbí lójú ara àti iṣẹ́ abẹ kejì ní àyè tó dọ́gba. Fún ìbejì, ìwé pàtó ni, torí pé ètò àyẹ̀wò, ìwúwo tó yẹ kí ìyá fi kún un àti ọjọ́ ìbímọ yàtọ̀ sí ti ọmọ kan. Kí ẹ sì kà á kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé, torí pé ìbejì sábà máa ń tètè dé.

Bí ẹ bá sì ti wọ ọ̀sẹ̀ 36 láìtíì ka nǹkan kan, ẹ má ra ìwé mẹ́ta. Ẹ yá ọ̀kan tó yege ìdánwò òkè yìí, ẹ ka ibi mẹ́ta: àmì pé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ewu, orí iṣẹ́ abẹ, àti bí ọmọ ṣe ń gba ọmú sẹ́nu. Ọ̀sán méjì tó fún un.